Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta ni yóò dúró ti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò?

Lẹ́tà tó wọlé sí abala yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún nínú wọn jọra débi pé ó yẹ kí a dáhùn wọn pa pọ̀. Gbogbo wọn ló dá lórí ètò tí àwọn aráàdúgbò ń gbé kalẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè ríṣẹ́, kí wọ́n rí ibi tí wọn yóò ti kẹ́gbẹ́ rere, kí ara àti ọkàn wọn sì le. A yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Lọ́dún tó kọjá, a dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọn kò sì ríṣẹ́. A kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, a sì pe àwọn èèyàn pàtàkì síbi ayẹyẹ ìparí rẹ̀. Ọgọ́ta ọ̀dọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ogún ló parí, nínú ogún náà, ẹni mẹ́ta péré ni a mọ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ tó kọ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, kí a kúkú fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹgbẹ́ tó lè sọ iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àti iye àwọn tó parí láìfi nǹkan kan pa mọ́ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ sílẹ̀ ná. Ogójì ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ètò yín sílẹ̀ mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ju ogún tó dúró lọ, lẹ́tà yín kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè. Ẹ yan ẹni méjì tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sá fún, kí wọ́n lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè ohun tó lé wọn lọ, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ láìbá wọn jiyàn. Bí mo ṣe ti rí i níbi irú ètò báyìí, ohun tí ẹ óò gbọ́ kò ní jìnnà sí pé owó ọkọ̀ kò sí, tàbí pé àkókò tí ẹ fi ẹ̀kọ́ sí bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lébìrà tí wọ́n fi ń jẹun, tàbí pé ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà tí kò sì rí ẹni gbé e fún, tàbí pé iṣẹ́ tí ẹ yàn láti kọ́ wọn ti kún àdúgbò débi pé àwọn ọ̀gá tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ gan-an kò rí oníbàárà. Kò sí ọ̀lẹ nínú èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí.

Ohun kejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ni ètò náà parí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìnira ọ̀dọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń rán aṣọ tàbí bí a ṣe ń tún fóònù ṣe ṣì nílò ibi tí yóò ti máa fọwọ́ ṣe é níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, ó nílò oníbàárà àkọ́kọ́, ó nílò irinṣẹ́ tó lè yá lò, ó sì nílò ẹnì kan tó lè ké sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń tọ́ka sí tí ọ̀rọ̀ báyìí bá wáyé. Ní ìgbà ooru ọdún 2012, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ 13 tí ìwà ipá pọ̀ ládùúgbò wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, ọ̀sẹ̀ 8 ló sì gbà. Wọ́n fi àgbàlagbà tì wọ́n níbi iṣẹ́ láti máa tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀dọ́ 1,634 ló wà nínú ìwádìí náà, bí ẹni ṣẹ́ kèké sì ni wọ́n ṣe yan àwọn tó ríṣẹ́ gbà, kí ó lè ṣeé ṣe láti fi wọ́n wé àwọn tí kò rí i. Nígbà tí Sara Heller gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014, ó hàn pé láàárín oṣù 16, iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú àwọn tó ríṣẹ́ náà nítorí ìwà ipá fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ohun tó jọ mí lójú jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí iṣẹ́ náà ti parí ni ìyàtọ̀ yìí hàn jù, nítorí náà a kò lè sọ pé ọwọ́ wọn tó dí nìkan ló fà á. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, wọ́n gbowó rẹ̀, àgbàlagbà kan sì mọ orúkọ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ bá fi ti ọ̀dọ́ jẹ́ ẹni tí yóò tètè yẹ̀. Jean Grossman àti Jean Rhodes ṣàyẹ̀wò ọ̀dọ́ tó lé ní 1,000 nínú ètò kan ní Amẹ́ríkà tó ń yan olùtọ́sọ́nà fún wọn. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2002, àwọn tí olùtọ́sọ́nà wọn dúró tì wọ́n fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jàǹfààní jù. Àwọn tí tiwọn lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé kò ka ara wọn sí bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó wá tó sì tètè lọ lè ba ọ̀dọ́ náà lọ́kàn jẹ́ ju ìgbà tí kò sí ẹni tó wá lọ.

Tí mo bá wà nínú ìgbìmọ̀ yín, ogún ọ̀dọ́ ni n óò mú lọ́dún tó ń bọ̀ dípò ọgọ́ta, n óò sì fi ètò náà sí ọdún kan dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ẹ tó yan iṣẹ́ kankan, ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ní ilé iṣẹ́ kéékèèké, ẹ bi wọ́n pé ọ̀dọ́ mélòó ni wọ́n lè gbà sọ́dọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó ayẹyẹ, ẹ fi ṣe owó ọkọ̀ àti owó irinṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń dáwó fẹ́ràn láti rí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ oṣù kejìlá hàn wọ́n, kí wọ́n fojú ara wọn rí ogún ọ̀dọ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí, mo sì ń bá wọn ṣe kòkáárí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Àwọn ọmọkùnrin kan ti ń jalè díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan dábàá pé kí a kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n jágbe mọ́ wọn, kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Ṣé àbá náà dára?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀wọ́. Amẹ́ríkà ti dán irú ètò yìí wò láti bí ọdún 1970 sí 1980, ó sì gbajúmọ̀ gan-an nítorí pé ó dùn ún wò. Nígbà tí Anthony Petrosino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 9 tó fi àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ wé àwọn tí wọn kò kó lọ jọ, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí wọ́n kó lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n ló túbọ̀ dẹ́ṣẹ̀ lẹ́yìn náà, débi pé ó sàn kí a má ṣe nǹkan kan ju kí a ṣe é lọ. Ẹ̀rù kì í pẹ́ lára ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá sì kó gbogbo àwọn tó ń jalè sínú ọkọ̀ kan náà, ẹ ti bá wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí ẹ pín wọn káàkiri àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ mìíràn ti wà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àgbàlagbà kan tó ń bójú tó o, kí ẹ sì wá ohun tó wà nílé tí ọmọ náà fi ń jí nǹkan. Ẹ lè bá ebi pàdé níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbìmọ̀ àdúgbò wa fẹ́ ra bọ́ọ̀lù, ìlù àti aṣọ eré fún àwọn ọ̀dọ́. Èmi rò pé eré lásán ni, kí a fi owó náà gba olùkọ́ ìṣirò. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ìdáhùn: Ẹ kò jẹ̀bi, nítorí ìṣirò kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, àdúgbò tó bá sì lágbára méjèèjì, kó ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín pè é ní eré lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ọdún 11 sí 17 kárí ayé tí kì í lo ara wọn tó wákàtí kan lóòjọ́, ìdá 85 nínú àwọn ọmọbìnrin àti ìdá 78 nínú àwọn ọmọkùnrin. Ìlera ara wọn nìkan ti tó ìdí láti ra bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Iceland. Ní 1998, nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún 15 àti 16 léèrè, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ pé àwọn mutí yó láàárín oṣù tó ṣáájú, ìdá 23 ló sì ń mu sìgá lójoojúmọ́. Nígbà tó fi di 2016, ti ọtí ti wálẹ̀ sí ìdá 5, ti sìgá sì ti wálẹ̀ sí ìdá 3. Wọ́n fi owó ìjọba sí eré ìdárayá, orin, ijó àti iṣẹ́ ọnà tí ó ní olùkọ́ àti àkókò tó ṣe pàtó, olú ìlú wọn sì ń fún àwọn òbí ní owó tí wọn yóò fi san ti ọmọ wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ló ṣe gbogbo rẹ̀ kò sọ tán. Wọ́n fi òfin de títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 àti ọtí fún ẹni tí kò tíì pé 20, wọ́n fi òfin sọ aago tí ọmọdé kò gbọdọ̀ wà níta mọ́ lálẹ́, àwọn òbí fọwọ́ sí àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn yóò máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì ń bi àwọn ọmọ fúnra wọn léèrè lóòrèkóòrè bí nǹkan ṣe ń lọ, wọ́n ń fi àbájáde rẹ̀ han àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ yín tó ra bọ́ọ̀lù, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Ta ni olùkọ́ tí yóò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, aago kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ọdún yóò fi yí po? Kí ni àwọn ọmọbìnrin yóò máa ṣe? Mo ti rí pápá tí àwọn ọmọkùnrin gbà tán pátápátá, tí àwọn ọmọbìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń bá wọn ṣọ́ aṣọ, tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ sì ń ka gbogbo wọn mọ́ àwọn tó kópa.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti bí oṣù méjì, kò lọ síbi bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn mọ́, kì í fẹ́ jẹun, ojú ọ̀sán ló máa ń sùn, ó ní ó kàn rẹ òun ni. Àwọn aládùúgbò ní kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi ètò àwọn ọ̀dọ́, pé ẹgbẹ́ yóò tú u ká. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ kú àìsùn. Ohun tí ẹ rí yìí kì í ṣe àṣejù ìyá, ó sì dára pé ẹ tètè kọ̀wé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ 1 nínú 7 láàárín ọdún 10 sí 19 ló ní àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ọmọ tó ti pa ohun tó fẹ́ràn tì, tí oúnjẹ àti oorun rẹ̀ yí padà fún oṣù méjì, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ó lè jẹ́ àìsàn ara ló fà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò àdúgbò lè tì í lẹ́yìn, kò lè dípò ìtọ́jú.

Lónìí, ẹ jókòó tì í nígbà tí ilé bá dákẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ti ṣàkíyèsí pé nǹkan ti yí padà, ẹ bi í bóyá ó ti ń rò ó pé kí òun kú. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn ni yóò gbé èrò náà sí i lọ́kàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tu ẹni tó ti ń rò ó lára pé ẹnì kan béèrè. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn, kẹ́míkà àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní ti aráàdúgbò, wọ́n wúlò gan-an tí a bá kọ́ wọn. Ní Zimbabwe, oníṣègùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2006 tó ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó ti aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì bá a wá ojútùú sí ìṣòro rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà 573, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé ara àwọn tó jókòó pẹ̀lú wọn yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ àti àbójútó àwọn tó mọṣẹ́ ló wà lẹ́yìn àwọn ìyá àgbà yẹn. Bí àwọn tó ń darí ètò àdúgbò yín kò bá lè sọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ń darí ọmọ sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn kò tíì múra tán láti gba ọmọ yín.

Nígbà tí dókítà bá ti gbà á láyè, ẹ má tì í sínú èrò. Ẹ bẹ olùkọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ àtijọ́ kó wá kí i nílé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó sì fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú sísáré, bíi kíkọ orúkọ àwọn tó wá sílẹ̀. Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí gbogbo òbí nílò: níbi ètò tó dára, àgbàlagbà kan kì í wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì máa ń wádìí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tí ìbéèrè yín lórí èyí bá bí nínú, ẹ má fi ọmọ yín síkàáwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, obìnrin. Àdúgbò wa fi èmi àti ọmọkùnrin kan sínú ìgbìmọ̀ ètò àwọn ọ̀dọ́. Ìpàdé mẹ́ta ni mo ti lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ka ohun tí wọ́n ti pinnu sétí wa, wọ́n á ní ṣé ó yé wa, wọ́n á wá ya wá ní fọ́tò. Mi ò fẹ́ rí àwọn àgbà fín. Ṣé kí n kúrò níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Má tíì kúrò, ọmọ mi. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, tìrẹ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ sì ni orí tí wọ́n ń fá yìí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1989, sọ nínú abala rẹ̀ kejìlá pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórí gbogbo ohun tó bá kàn án, kí wọ́n sì ka èrò náà sí bí ọjọ́ orí rẹ̀ àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Ní 1992, Roger Hart fi àtẹ̀gùn onípele 8 ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún UNICEF. Ìpele mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: kí àgbà máa lo ọmọdé fún ohun tí ọmọdé kò mọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi ọmọdé ṣe ọ̀ṣọ́ ìpàdé, àti kí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè yí ohunkóhun padà. Ibi tí wọ́n fi yín sí nìyẹn. N kò rò pé ìwà ibi ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ àgbà kò rí irú rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, ìwọ àti ọmọkùnrin yẹn, ẹ lọ bá ogún ọ̀dọ́ àdúgbò yín, àwọn tí kì í wá síbi ètò gan-an ni kí ẹ wá kiri, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kì í fi í wá àti ohun tí yóò mú wọn wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, lọ kí alága nílé tàbí níbi iṣẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ, kí o sì sọ fún un pé ẹ ní ìròyìn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yín, pé ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìgbìmọ̀ tó ṣe ìpinnu kankan. Àgbà tí ọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ ká mọ́ ilé lọ́nà ọ̀wọ̀ kì í sábà jagun lójú ìpàdé.

Ní ìpàdé náà, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo tó ṣeé fún yín: pé kí owó kan, bó ti wù kó kéré, wà ní ìkáwọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ pinnu ohun tí ẹ óò fi ṣe, kí ẹ sì wá jíhìn bí ẹ ṣe ná an, pẹ̀lú rìsíìtì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí wọ́n bá gbà, ẹ má ná kọ́bọ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé náà, kọ̀wé sí wa padà, kí o sọ ohun tí wọ́n fi dá yín lóhùn. Abala yìí yóò fi àyè sílẹ̀ dè ọ́.